Ọ́ìlì Tó Bá Jíìpù Bámgbóyè Lára Mu

Rẹ̀mílẹ́kún Bámgbóyè kì í yára. Bí ẹ bá bá a nídìí ẹ̀fọ́, ewé kọ̀ọ̀kan ni yóò yí wò, iwájú àti ẹ̀yìn, kó tó jù ú sínú abọ́. Bó ṣe ń ṣe náà nìyẹn nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin tó gbẹ̀bí wọn lágbègbè Ìjàn-Èkìtì ṣì ń sọ ọ́ pé bí ọmọ bá ń bọ̀, tí gbogbo ilé ń sáré, Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé kò gbọ́ igbe. Ọ̀rẹ́ mi ni. A ti jọ ń gbé àdúgbò kan ní Adó-Èkìtì láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Jíìpù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bámgbóyè ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Òun ló ń kó ọmọ kòkó àti irúgbìn tuntun lọ fún àwọn àgbẹ̀ káàkiri Ìjàn àti Ìgèdè. Nígbà tí ìjọba ń ta àwọn ọkọ̀ wọn tó ti gbó, ó ra èyí tó ti ń wà láti ọjọ́ pípẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa jíìpù náà, kì í ṣe méjì bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí náà ẹrẹ̀ kì í dá a dúró, òkè olókùúta kì í sì í bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Sátidé nígbà náà, wọn a lọ kí àwọn òbí Rẹ̀mílẹ́kún ní Ìgèdè, nítorí ọmọ Ìgèdè ni. Bámgbóyè kì í wa jíìpù yẹn jáde láì kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yóò fa géèjì jáde, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ibi tí ọ́ìlì dé. Yóò fi àkísà nù ún, yóò tì í bọ ibẹ̀ padà, yóò tún fà á jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò kán ọ́ìlì díẹ̀ sí àtàǹpàkò, tí yóò fi ìka ìlábẹ̀ ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ṣì ní ara," ni yóò wí.

Ìgbà yẹn ni wọn á tó wọlé, Olúwadámiláre ọmọ wọn ọkùnrin lẹ́yìn, Monínúọlá àbúrò rẹ̀ lórí itan ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò á mọ̀, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn tí wọ́n kó ti Ìgèdè bọ̀ á kárí ilé gbogbo wa. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọ́ìlì gbígbóná tó dà pọ̀ mọ́ òórùn ọsàn, mo máa ń bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé Bámgbóyè ló ń kọjá.

Nígbà tó kú, a rò pé jíìpù náà ti bá a lọ. Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ ọkọ̀ wà, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bẹ dírẹ́bà Fadá kó bá òun gbé e lọ sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, á wá jókòó sídìí rẹ̀, á máa yí i po pápá náà, kò ní yára ju ewúrẹ́ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin á sá jáde wá wòran.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ gbẹ̀bí jíìpù ni?"

"Ẹ lọ kọ orin yín," ni yóò dá wọn lóhùn láì wo ojú wọn. "Ohùn yín gan-an ló ń wá agbẹ̀bí."

Bó ṣe mọ̀ ọ́n wà nìyẹn. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ara rẹ̀ lọ sí oko tí Bámgbóyè dá sí ẹ̀yìn Ìjàn. Kò sí ọkọ̀ èrò tó ń gba ọ̀nà oko yẹn. Ọ̀kadà ń gbà á, ṣùgbọ́n ìbàdí Rẹ̀mílẹ́kún kò gba ọ̀kadà mọ́.

Àsìkò òjò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Róbà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì bẹ́ lójú ọ̀nà Ìjàn, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó kú. Fóònù rẹ̀ wà nílé. Nínú òjò ló jókòó sí títí àwọn àgbẹ̀ kan fi rí i, tí wọ́n ké sí àwọn ará ilé. Olúwadámiláre, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó wá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ta irin yìí. Ẹnìkan wà ní Adó níbí tó ń ra ògbólógbòó ọkọ̀, á gé e, á lọ tà á. Ẹ̀yin ẹ wá bá mi lọ sí Àbújá."

"Kí n máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ẹ máa sinmi."

"Ta lo ti rí tó sinmi nílé onílé?"

"Ilé èmi ọmọ yín ló di ilé onílé?"

Bí inú bá ń bí Rẹ̀mílẹ́kún, ohùn Ìgèdè ló ń padà sí. "Ulé mi ni mo wà," ló wí. "Ulé mi ni mo wà o, Dámiláre."

Ọmọ náà kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Màmá, nígbà tí fóònù dún lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé òkú yín ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi. Mi ò lè gbọ́ irú ìpè yẹn lẹ́ẹ̀kejì."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdéhùn. Bí ìkórè bá dé, tí gbogbo ìdílé máa ń gbé irè oko wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, Olúwadámiláre á wá láti Àbújá. Wọ́n á jọ fi jíìpù lọ kó iṣu ní oko. Bí jíìpù bá gbé wọn lọ tó sì gbé wọn bọ̀ láì dákú lọ́nà, òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá kọṣẹ́, ìyá á di ẹrù rẹ̀, yóò bá a lọ sí Àbújá, kí wọ́n gé jíìpù.

"Mo gbọ́," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó rọra wí fún mi pé, "Ìyá Tẹniọlá, bí wọ́n bá gbé mi kúrò níbí, èmi náà di irin gígé nìyẹn."

Ọládayọ̀ mẹkáníìkì pààrọ̀ róbà omi. Ó yẹ gbogbo ara jíìpù wò, ó ní ohun tó kù ni ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó, ó ń mu ọ́ìlì, ó sì ń rú èéfín. Bí ọ́ìlì rẹ̀ bá bá a lára mu, yóò ṣiṣẹ́. Bí kò bá bá a mu, ọ̀nà oko Ìjàn á fọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹrù Monínúọlá dé láti Canada, tí ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé bá a gbé. Ọṣẹ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì méjì sì wà lábẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ àdéhùn fún un. Wọ́n kọ 5W-30 sára gálọ́ọ̀nù náà.

"Mọ́mì, èyí ló dáa jù," ló wí lórí fóònù. "Àwọn ọkọ̀ olówó ńlá níbí, òun ni wọ́n ń mu."

Ní tiwa, ohun tí ọmọ bá fi ránṣẹ́ sí ìyá láti ẹ̀yìn odi, a kì í gbé e pamọ́. Bí aṣọ ni, a ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ayé rí i. Bí oúnjẹ ni, a ó tọ́ ọ wò, a ó sì súre. Ẹni tí kò bá lò ó, bí ẹni kọ ọmọ ni. Rẹ̀mílẹ́kún gbé gálọ́ọ̀nù náà sórí tábìlì, ó gbàdúrà sí i, ó sì pe Ọládayọ̀.

Ọládayọ̀ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. "Màmá, èyí mà fúyẹ́ o. Bí omi ló rí."

"Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́."

"Háà. Ọ̀rọ̀ ti tán." Ó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ó ro èyí tó ti dúdú dànù, ó pààrọ̀ fílítà tó ń sẹ́ ọ́ìlì, ó sì da ti Monínúọlá sí i.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dùn. Jíìpù náà ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ bíi maṣíìnì ìránṣọ tuntun. Rẹ̀mílẹ́kún wà á lọ sí Ìgèdè lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Ìgbà tó ń bọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn mú, tí ọkọ̀ dí ọ̀nà níwọlé Adó, tó dúró sójú kan, iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Iná ọ́ìlì ni. Bó bá tẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, iná náà á kú. Bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, á tún tàn. Nígbà tó máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ abẹ́ jíìpù ti dúdú.

Ọládayọ̀ wá, ó fọwọ́ lérán. "Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí ti di bàbá àgbà. Eyín ẹnu rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ yẹ̀, tí ẹ bu omi fún, ṣé kò ní jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu? Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó ki."

Ó ro ti Monínúọlá kúrò, ó sì da ọ̀kan sí i tó ki bí oyin, 50 ni wọ́n kọ sí i lára, kò sí nǹkan mìíràn níwájú rẹ̀. Iná pupa kò tàn mọ́, ilẹ̀ kò sì rin mọ́. Ọládayọ̀ ń fò fẹ̀rẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò. A rò pé ó parí.

Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ara wa gbẹ, tí a kò rí òkè iwájú nítorí kùrukùru, Rẹ̀mílẹ́kún ṣíná jíìpù. Ẹ́ńjìnnì kérora, ó kérora, kó tó wá dìde. Bó ṣe dìde báyìí, ariwo bẹ̀rẹ̀: ká-ká-ká-ká-ká, bí ẹni tó ń fi ṣíbí irin lu ìkòkò òfìfo. Mo sáré jáde.

"Ṣé ó fẹ́ kú ni?"

Rẹ̀mílẹ́kún wọlé lọ, ó sì mú fèrè onígi kékeré kan jáde, èyí tí àwọn agbẹ̀bí máa ń gbé lé inú aláboyún kí wọ́n lè gbọ́ ọkàn ọmọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹnu fèrè lé ara ẹ́ńjìnnì, ó fi etí ti ìdí rẹ̀. Ó gbé e sí ìsàlẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́, ó gbé e sí òkè. Bí ọmọdé kan bá rí i, yóò rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín.

"Ìsàlẹ̀ ń ṣe dáadáa," ló wí. "Òkè ni kò rí nǹkan mu."

A dúró. Nígbà tó yá, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, títí tó fi dákẹ́.

"Ó ti dé," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Ọ́ìlì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé. Ṣùgbọ́n irin ti fi gbígbẹ ha irin kó tó dé. Bí ó bá ń ṣe báyìí láràárọ̀, kò ní pẹ́."

Ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo rò pé tíì ló fẹ́ sè, àfi bó ṣe gbé ìgò epo pupa jáde. Ẹ mọ bí epo ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọyẹ́: ó ti dì. Ó dorí ìgò kodò, epo kò mì. Ó gbé e sójú oòrùn, ó jókòó tì í, èmi náà jókòó. Nígbà tí oòrùn wọ̀ ọ́ lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n bá òun pe Ọládayọ̀.

"Ọládayọ̀, ṣé epo yìí ni ọ́ìlì rẹ?"

Mẹkáníìkì wo ìgò, ó wo jíìpù, ó họ orí. "Òun ni, Màmá. Ẹ wò ó, nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára ọ́ìlì. Èyí tó ṣáájú W ni ti àárọ̀, nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì ṣì tutù: bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tètè ṣàn. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ọ̀sán, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: bó bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ki. Èyí tí mo dà sí i kò ní W rárá. Ó ki lọ́sàn-án, ó sì ti kijù láàárọ̀."

"Ti Monínúọlá ńkọ́?"

"Ìyẹn, 5 láàárọ̀, 30 lọ́sàn-án. Ti ibi tí omi ti ń di òkúta ni. Á sáré dé òkè ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn Adó á sọ ọ́ di omi lára ẹ́ńjìnnì tó ti gbó."

"Ṣé kò sí èyí tó wà láàárín?"

"20W-50 wà. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń dà sí gbogbo jíìpù àtijọ́."

Rẹ̀mílẹ́kún bọ́ awò ojú rẹ̀. "O mọ̀ ọ́n, o kò sì sọ?"

"Màmá, ẹ ní ọmọ yín ló fi ránṣẹ́! Ta ló bí mi tí màá fi sọ pé kó má wọlé? Nígbà tí iná pupa wá tàn, ẹ̀rù ló bà mí, mo wá fò kọjá ibi tó yẹ kí n dúró sí."

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín, èyí tí mi ò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Àwa méjèèjì la jẹ̀bi. Lọ ra á wá."

Kí Ọládayọ̀ tó da 20W-50 náà sí i, Rẹ̀mílẹ́kún kán díẹ̀ sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó fi ìka ìlábẹ̀ ra á. Èmi àti òun nìkan la mọ ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, jíìpù náà ké ká-ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó húkọ́, ó sì dákẹ́. Lọ́sàn-án, Rẹ̀mílẹ́kún wà á lọ sókè ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó jẹ́ kó dúró nínú oòrùn láì pa á. Iná pupa kò tàn. Èéfín díẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọládayọ̀ ní ìyẹn ò ní oògùn, pé ọ́ìlì kan kò lè sọ àgbà di ọmọdé.

Ìgbà náà ni Monínúọlá pè.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti lo ọ́ìlì mi?"

Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Ó rọrùn kó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sì pa á tì síbẹ̀. "Mo lò ó," ló wí. "Mo súre sí i. Kò bá jíìpù lára mu."

"Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?"

"Rárá o. Ohun tó dáa ni. Ṣé o rántí kóòtù onírun tí o rà fún mi nígbà tí mo wá gbẹ̀bí ọmọ rẹ? Kóòtù gidi ni. Bí mo bá wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà Ọba lọ́sàn-án, ṣé kóòtù ló burú?"

Monínúọlá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ó ń sunkún. "Mo fẹ́ kí jíìpù Dádì pẹ́ ni, Mọ́mì. Mo fẹ́ kí n bá a nílé."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ òótọ́ fún ọ nìyẹn."

Ó ní kí ìyá òun fún ẹ̀gbọ́n òun ní gálọ́ọ̀nù tó kù, nítorí ọkọ̀ tuntun tirẹ̀ ń mu ún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè, àwa mẹ́ta la wọ jíìpù: Rẹ̀mílẹ́kún nídìí ọkọ̀, Olúwadámiláre lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lẹ́yìn. Ọmọ náà káwọ́ sáyà. Kò wo ọ̀nà rárá. Àwọn iná kéékèèké iwájú ìyá rẹ̀ ló ń wò. A kọjá Ìjàn, a yà sí ọ̀nà oko. Níbi òkè olókùúta, Rẹ̀mílẹ́kún dúró, ó yí jíà kékeré kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà, ó sì rọra gùn ún.

"Màmá, ẹ rọra o."

"Ṣé èmi lò ń pè ní ẹni tó ń sáré?"

A kó iṣu. Ó pọ̀, jíìpù tẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí à ń bọ̀, oòrùn ti mú, a sì bá ọkọ̀ tó kó pákó níwájú wa, táyà rẹ̀ ti bẹ́ sójú ọ̀nà. Kò sí ibi tí a lè gbà kọjá. Rẹ̀mílẹ́kún kò pa ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó pa á. Ó wò mí nínú dígí. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, wọ́n ń bú ara wọn. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nínú ooru. Olúwadámiláre tẹjú mọ́ iná pupa. Kò tàn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kò tàn. Nígbà tó yá, ó tú apá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ojú sókè wo igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Ibí yìí ni Dádì máa ń dúró sí," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Láti fi ewé kókò bu omi fún wa. Odò kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn."

"Odò náà ṣì wà," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ó ti kéré."

Ọkọ̀ akópákó kúrò lọ́nà. A dé Adó kí oòrùn tó wọ̀, a já iṣu sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olúwadámiláre bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pe ẹni tó fẹ́ ra irin. Mo gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń bínú lórí fóònù, pé òun ti gbé maṣíìnì ìgérin sílẹ̀ dè é. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ọmọ náà ń wí ṣáá. "Ẹ má wá mọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, ó ń padà sí Àbújá. Ó kí ìyá rẹ̀ tán, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

"Sọ ọ́," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.

"Mo ti ní n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Sọ ọ́, Dámiláre."

"Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ń lọ sóko, ẹ máa fi fóònù sápò. Kí n máa gbọ́ ohùn yín tí ẹ bá dé ọ̀hún."

Ìyá rò ó wò, bó ṣe máa ń ro gbogbo nǹkan. "Ìyẹn kò le," ló wí.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ̀ kò bá a lọ. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí mò ń gbálẹ̀ iwájú ilé mi, fóònù mi dún.

"Ìyá Tẹniọlá, mo ti dé oko o. Mo ti pe Dámiláre, kò gbé e, ó jọ pé ó wà ní ìpàdé. Bá mi máa pè é títí tó fi máa gbé e, kó má baà máa dààmú."